Ọjọ́ Tí Bẹríánì Bọ́ Bàtà

2.

…bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó kú o. Àwọn èèyàn kàn ń wọlé ni, wọ́n ń bọ́ sálúbàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí Mùnírù kú ara fẹ́ra kù. Rúùtù tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé gbé odidi kan wá, ó ní ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Mùnírù jókòó láàárín àwọn fíríìjì tí kò tíì tún ṣe, ó ń dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, ayọ̀ la ó fi san án."

Ẹ̀rín ń pa á. Kò gbọdọ̀ rín.

1.

(Eléyìí ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló yá.)

LÓRÍ RÉDÍÒ, ÀÁRỌ̀ ỌJỌ́ AJÉ: Gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù àárín pápá, ọmọ orílẹ̀-èdè Sípéènì, Tọ́másì Bẹríánì, ti kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ó ní orúnkún òun ti sọ fún òun pé ó tó gẹ́ẹ́.

3.

BẸRÍÁNÌ MÉJÌ

Ti Sípéènì: ó bẹ̀rẹ̀ ní abúlé olóko àjàrà kan, lórí pápá tó dagẹ̀rẹ̀.
Ti Ìṣokùn, nílùú Ọ̀yọ́: Mùnírù ni. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí pápá tí ewúrẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ti Sípéènì: kì í sáré. Á dúró, á wo ọ̀tún, á wo òsì. Kí ẹ tó mọ̀, bọ́ọ̀lù ti dé ibi tó yẹ.
Ti Ìṣokùn: kì í sáré. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é, títí wọ́n fi rí ọkùnrin yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n. Bó ṣe di Bẹríánì nìyẹn.

Ti Sípéènì: ó kọjá sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Òjò pa á níbẹ̀.
Ti Ìṣokùn: ó kọjá sí Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ará Ìṣokùn ní ọ̀dàlẹ̀ ni.

Orúnkún.
Orúnkún.

Ti Sípéènì: ó padà sílé, gbogbo ìlú tú jáde.
Ti Ìṣokùn: ó padà sílé. Marufat, ìyàwó rẹ̀, ní ẹ káàbọ̀.

Ṣé ó ń fara wé e ni? Ẹ má bi mí. Orúkọ ń roni.

4.

ÌBÚRA

Èṣí ni. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e délé láti orí pápá, orúnkún ti wú. Marufat ló ń gbé e lọ balùwẹ̀, òun ló ń gbé e bọ̀, ó ń sunkún níbi tó rò pé ọkọ òun ò ti lè rí òun. Nígbà tí Alfa Ismaheel wá ṣàdúà fún un, Mùnírù wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ níwájú Alfa.

"Mo fi Ọlọ́hun búra, ọjọ́ tí Bẹríánì bá bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù, èmi náà á bọ́ tèmi."

Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Ó rò pé ọkùnrin yẹn ò ní bọ́ ọ láéláé.

5.

WASÁÀPÙ: ÀWỌN ÀGBÀ ÌṢOKÙN

Kápútẹ́nì Ọlọ́runṣògo: Sátidé, àṣekágbá, àwa àti Sábó. Ògbómọ̀ṣọ́ la ti máa gbá a.
Kápútẹ́nì Ọlọ́runṣògo: Bẹríánì, ò ń bọ̀ àbí o ò bọ̀?
Kápútẹ́nì Ọlọ́runṣògo: Bẹríánì
Mùnírù: Mo ti búra.
Kápútẹ́nì Ọlọ́runṣògo: Lọ bá Alfa. Ẹ̀sìn yín ò lè ṣàìní ọ̀nà.

6.

MÙNÍRÙ: Ẹ jọ̀ọ́, Alfa, ṣé ọ̀nà wà?
ALFA: Ọ̀nà wà. Kàfárà ni. Wàá bọ́ aláìní mẹ́wàá, wọ́n á yó. Tí o ò bá lágbára ẹ̀, o gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.
MÙNÍRÙ: Ààwẹ̀ yẹn ni màá gbà.
ALFA: Fíríìjì ta lo ò tíì tún ṣe l'Ọ́yọ̀ọ́? O lágbára. Lọ bọ́ wọn.
MÙNÍRÙ: (ó ti dìde)
ALFA: Mùnírù. Ọlọ́hun lo fi búra. Ta lo ṣèlérí fún?
MÙNÍRÙ: (ó ti dé ẹnu ọ̀nà)

7.

(Apá keje yìí, mo ti sọ ọ́ nù. Ẹ má bínú.)

8.

ÌKÉDE LÁRA ÒGIRI ṢỌ́Ọ̀BÙ

ÌRẸSÌ WÀ LỌ́JỌ́ JÍMỌ̀ FÚN ALÁÌNÍ MẸ́WÀÁ. ẸNI TÓ BÁ NÍ MỌ́TÒ KÓ JỌ̀Ọ́ JÓKÒÓ SÍLÉ Ẹ̀.

9.

Àwọn aláìní jẹun, wọ́n yó, wọ́n ṣàdúà. Lẹ́yìn wọn ni ìdajì tíìmù dé pẹ̀lú abọ́. Ọlọ́runṣògo ló ṣíwájú, ẹni tó ní mọ́tò méjì. Ó ní ọ̀kan nínú rẹ̀ ò ṣiṣẹ́.

Mùnírù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àdúà ti gbà! Ó ń gbá bọ́ọ̀lù tí kò sí nílẹ̀ káàkiri àgbàlá.

10.

Marufat ló se ìrẹsì náà. Kò ráhùn. Ó fọ ìkòkò tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

MARUFAT: Bàbá Raliat, ẹ ti san ti Ọlọ́hun. Tèmi ò ní kàfárà o.
MÙNÍRÙ: Ìyá Raliat, orí pápá yẹn ni mo ti ń rí ara mi.
MARUFAT: Èmi ńkọ́? Níbo lèmi ti ń rí yín?

11.

Mùnírù mú bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó ń nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀.

12.

Lọ́jọ́ Sátidé, Marufat ti jáde kí Mùnírù tó jí. Kò sọ ibi tó ń lọ. Ọkọ rẹ̀ gbé báàgì, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Orin ni láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá onírungbọ̀n kan jó débi tí fìlà rẹ̀ gba ojú fèrèsé lọ. Mùnírù ń pàtẹ́wọ́. Rédíò dẹ́rẹ́bà ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ orin: wọ́n bi Bẹríánì ti Sípéènì ohun tó ń ṣe báyìí. Ó ní òun ò tíì mọ̀. Ó ní láràárọ̀ lòun ń jí wá bàtà.

Mùnírù nìkan ló gbọ́ ọ.

13.

PÁPÁ SÁBÓ

BASIT (kápútẹ́nì Sábó): Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ti kú.
MÙNÍRÙ: Mo jí.

14.

Sábó ti gbá ọ̀kan wọlé. Ìṣokùn ò rí nǹkan kan ṣe. Ọlọ́runṣògo juwọ́ sí i pé kó múra, ogunlọ́gọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Bẹríánì, àwọn ará Sábó náà ń pè é. Inú rẹ̀ dùn. Ó wọ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó so ó. Ó gbójú sókè.

Marufat ni.

Ó jókòó sórí pákó lábẹ́ igi, ní òdìkejì pápá. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò wá wo bọ́ọ̀lù rí.

Kò pè é. Kò fajú ro. Ó kàn sún díẹ̀ lórí pákó náà, àyè ẹnì kan sì ṣí sílẹ̀.

Bóyá ó fi àyè sílẹ̀ fún un ni. Bóyá ó fẹ́ rí àárín pápá dáadáa ni.

15.

RẸFIRÍÌ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń wọlé ni?

16.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà nínú bàtà. Ẹsẹ̀ òsì wà lórí koríko, lásán. Ẹ̀rín ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó ń bọ̀, kò sì mọ ẹ̀gbẹ́ wo ló máa kọjú rẹ̀ sí tó bá bú jáde: pápá ni, àbí àyè tó ṣí sílẹ̀ lórí pákó.