Láfún Lórí Àpáta Agbóhùn

Ẹ wo funfun lórí dúdú. Láfún wa nìyẹn, a tẹ́ ẹ káàkiri àyà àpáta, oòrùn ọ̀sán ń fa omi ara rẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀, òórùn kíkan rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Òórùn yẹn dùn mọ́ mi. Òun ni mo bá lára ìyá mi nígbà tí mo dáyé.

Ẹ wo ẹsẹ̀ mi náà. Lásán ni. Kò sí obìnrin ìlú wa tí í wọ bàtà gun ibi tí a ń sá láfún sí. Àwo oúnjẹ ni àpáta yìí jẹ́ fún wa, ta ní í wọ bàtà gun àwo? A ń gbá a láàárọ̀, a ń fi omi ṣàn án, a ń dúró kí ó gbẹ, kí a tó tẹ́ ẹ̀gẹ́ tí a ti rẹ, tí a ti fún, sí i lórí.

Wàyí o, ẹ gbójú sókè díẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin tó dúró lókè ibi tí mo sá láfún mi sí, tó kẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n jọ wá, tó ń wá síìpù ṣòkòtò rẹ̀.

Àlejò ni. Ó wá wo òkè. Láti ìgbà tí ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ ti kọ orúkọ Àpáta Agbóhùn sí pátákó létí títì ni àwọn bíi tirẹ̀ ti ń wá. Wọ́n ń wá tàwọn ti bàtà, wọ́n ń wá tàwọn ti bọ́tìlì, wọ́n ń wá tàwọn ti ẹnu tí kì í sinmi oúnjẹ. Wọ́n á dúró sójú ibi tí òkè ti í gba ohùn, wọ́n á pe orúkọ ara wọn, òkè á dá a padà fún wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un pè. Orúkọ ara wọn náà ni wọ́n ń fi ọ̀dà kọ sára àpáta. Egungun adìẹ lọ́tùn-ún, ọ̀rá omi lósì, pámpáàsì ọmọ tó kún fún ìgbẹ́ láàárín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣa ṣíngọ́ọ̀mù kúrò nínú láfún, ojú eyín ẹni tó tu ú ṣì wà lára rẹ̀. Ṣíọ̀! Ewé ni mo fi mú un, síbẹ̀ ọwọ́ ara mi ń rí mi lára di ọjọ́ kejì.

Ihò kan wà níbi tí ọkùnrin yìí dúró sí. Oyèníran, ọmọ ìlú wa tó ń mú àlejò káàkiri, máa ń sọ fún wọn pé ojú ẹsẹ̀ jagunjagun àtijọ́ kan ni. Irọ́ ni. Ojú ọlọ ìyá mi ni. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ìyá mi ti ń lọ ọkà bàbà, ibẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ náà ti lọ tirẹ̀. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, òkúta jinnú bí àwo ọbẹ̀. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n lọ̀ ọ́, títí àwọn náà fi lọ.

Ó ti rí síìpù.

Ẹnu mi là, ohùn ò jáde. Kí ló dì mí lẹ́nu? Ìgbìmọ̀ ti kìlọ̀ fún wa: bí obìnrin kan bá tún pariwo mọ́ àlejò, gbogbo wa pátá la ó kó láfún wa kúrò lórí àpáta, a ò sì ní sá nǹkan kan síbẹ̀ mọ́ láéláé. Oyèníran ló wá jíṣẹ́ náà, pẹ̀lú bàtà dúdú tó ń dán, ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dákun, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Láfún àpáta yìí la fi tọ́ ọ dàgbà. Ìyá Ṣùbúọlá tó bí i ṣì ń sá tirẹ̀ nísàlẹ̀ tèmi. Bí wọ́n bá gba àpáta lọ́wọ́ wa, inú iyẹ̀pẹ̀ la ó máa sá a sí, ta ni yóò sì ra láfún oníyanrìn?

Ó bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ó ń ró ṣòòròrò nínú ojú ọlọ ìyá mi, ó ń hó. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó ń súfèé. Omi tí a fi ṣan àpáta láàárọ̀ ṣì kù nínú ihò náà, nítorí náà kò pẹ́ tó fi kún. Ó kún, ó kọjá etí, ó yà sí ipa tí omi máa ń gbà, ó ń bọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, pupa rúsúrúsú ni, ó ń bọ̀. Ó ré orúkọ ẹnì kan kọjá, ó bá egungun adìẹ pàdé, ó yí i po, ó ń bọ̀. Itọ́ ń bẹ lẹ́nu mi, mi ò lè gbé e mì. Ìtọ̀ ń bọ̀ lórí òkúta, mi ò lè dá a padà.

Mo kórìíra ìfé tó ń sú. Mo kórìíra bàtà rẹ̀. Èmi gan-an ń rí ara mi lára, àgbàlagbà obìnrin tó jókòó ti oúnjẹ rẹ̀, tó ń wo ìtọ̀ tó ń bọ̀ wá bá a, tí kò lè béèrè pé kí ló dé.

Ó kan láfún mi. Etí rẹ̀ rọ̀, ó wó, ó di ẹrẹ̀. N óò da gbogbo rẹ̀ nù, nítorí ta ni mo fẹ́ fún jẹ? Ìtọ̀ náà ṣì ń ṣàn, láfún Ìyá Ṣùbúọlá ló kàn.

Ìgbà yìí ni ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i pé ojú ọjọ́ ṣú, òun ni yóò dúró síbi tí òkè ti í gba ohùn, yóò ké sí àwọn yòókù, òkè á gbé e dé etí gbogbo obìnrin, wọ́n á sáré wá kó láfún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láyé Àwẹ̀ró, bẹ́ẹ̀ la ṣì ń ṣe. Ìgbìmọ̀ ò sì tí ì ṣòfin nípa òjò.

Mo wo ojú ọ̀run. Ó mọ́ kedere. Mo dìde, mo rìn dé ojú ibẹ̀, mo fi èjìká ti àwọn tó ń pe orúkọ ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi gbogbo ikùn ké e: òjò ń bọ̀ o!

Òkè gbà á. Òkè dá a padà.

Oyèníran, tó wà láàárín àwọn àlejò tó ń mú káàkiri, ló kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ jagunjagun já lẹ́nu rẹ̀. Kò wo ojú ọ̀run rárá, ó ti bọ́ bàtà dúdú rẹ̀ jù sẹ́yìn, ó ti ń sáré lẹ́sẹ̀ lásán, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí láfún ìyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó o. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú ohun tó ń ṣàn. Ó dúró. Ó gbé ọwọ́ náà sí imú. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tẹ̀lé ipa omi náà gòkè.

Àwọn ìyá tó ń sinmi lábẹ́ igi nísàlẹ̀ ti gorí àpáta, wọ́n gbé agbọ̀n, wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọn ò rí òjò. Wọ́n wo Oyèníran, wọ́n wo ibi tó ń wò. Ọkùnrin náà dúró lókè níbẹ̀, síìpù ti há, kò lè yíjú sí wa, kò sì rí ibi tí yóò gbà lọ. Kò sí ẹni tó pariwo mọ́ ọn.

Mo tún un ké: òjò ń bọ̀ o. Òkè náà ní: ń bọ̀ o. Bọ̀ o.