Ojú Obìnrin Inú Àwòrán

“Kí ló dé tí Ìlọ̀rí kò ya ojú obìnrin yìí?”

Adjara ló béèrè nípa àwòrán tí àbúrò rẹ̀ yà kó tó kú. Nínú àwòrán náà, obìnrin kan jókòó nínú aṣọ opó, òkè Ṣábẹ ga lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé, ojú nìkan ló ṣófo.

Láti ìgbà tí Fẹ̀yìntọlá, ìyàwó Ìlọ̀rí, ti ń ṣe opó, àwòrán yìí ló ń wò kó tó kéwì. Ó ti kéwì fún ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó ti kéwì fún ọwọ́ rẹ̀. Òní ni yóò bọ́ aṣọ opó, tí yóò sì ké gbogbo rẹ̀ lójú ẹbí. Ṣùgbọ́n ewì ojú kọ̀, kò wá.

Bachirou, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, mi orí. “Ìyàwó, ẹkún ni ti opó. Sunkún díẹ̀ fún wa, ká jẹun, ká lọlé.”

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Adjara wí, “oúnjẹ lẹ fẹ́ sunkún fún.”

Fẹ̀yìntọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Bachirou. “Bàbá Faïzatou, ẹ gbọ́ èyí ná:

Opó ni mí, n kì í ṣe òkú.
Igi tí ìjì já léwé
kò ní kẹ́ ẹ wá fòun dáná.”

Bachirou gbà fún un. “Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ewì náà kò bá pé, má ké e. Àwọn ará Kaboua ń bọ̀, n ò fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣẹ̀sín.”

Fúnra rẹ̀ ló gbé àwòrán náà jáde, ó fi ti ògiri nínú oòrùn. Ó sún sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Háà! Ọmọ Ṣábẹ tí kò mọ òkè ìlú rẹ̀ yà! Òkè wo ló ṣe ṣóńṣó láàárín báyìí?”

Adjara gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wò ó. Ó wo òkè inú àwòrán, ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀.

Fẹ̀yìntọlá náà wò ó. Òkè tí wọ́n ń jí rí lójoojúmọ́, ta ló ń tún un wò? Iwájú orí rèé, imú rèé, ètè rèé, àgbọ̀n tó le kókó, gbogbo rẹ̀ dojú kọ ọ̀run. Ojú rẹ̀ ni. Láti ìhà kan àwòrán dé ìhà kejì, Ìlọ̀rí ti fi ojú ìyàwó rẹ̀ ya òkè Ṣábẹ.