Bàbá Bọ́ílà Gba Ẹ̀rọ Tuntun

Lọ́jọ́ tí bọ́ílà tó ń mú ilé gbóná nígbà òtútù kú, Nọ́ọ̀sì kò tiẹ̀ bínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú. Wákàtí méjìlá ló fi wà lórí ìdúró ní wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó, ó wá délé, ó bá bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bọ́ílà ní yàrá ìsàlẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún ọ́ìlì.

Bàbá yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Ó kù díẹ̀."

"Bàbá mi, ẹ dìde nílẹ̀ tútù yẹn. Ó ti kú."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó kú? Èmi àti ìwọ, ta ló mọ bọ́ílà?"

Òun ló mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ogójì ọdún ló fi ń tún bọ́ílà ṣe, débi pé Bàbá Bọ́ílà ni tọmọdé tàgbà ń pè é ládùúgbò. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé, tó sì ti kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí, bọ́ílà ìsàlẹ̀ ilé yẹn ni oníbàárà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un. Ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ ti là sí méjì báyìí, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ti kógbá sílé tipẹ́.

Nọ́ọ̀sì gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta, ó fi gbogbo rẹ̀ wá ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ afàooru fún un, èyí tí kì í jó epo rárá. Ooru tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta ló ń fà wọlé.

"Nínú òtútù yìí?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ooru wo ló wà níta tó fẹ́ lọ fà?"

"Ẹ ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì rí, àbí? Ooru tó fà jáde nínú oúnjẹ ni ẹ máa ń bá níbẹ̀. Bákan náà ni."

Bàbá fajú ro.

Oníṣòwò kan lórí fóònù ní kó ra èyí tó tóbi jù, láìtiẹ̀ bi í bí ilé ṣe rí. Obìnrin ẹnjiníà kan ní tirẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, ó gun òkè àjà, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ sí etí fèrèsé gbogbo.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dí àwọn ibi tí ooru ń gbà sá lọ," ló wí. "Ẹ̀rọ tó bá tóbi ju ilé lọ, títàn-kú-títàn-kú ni yóò máa ṣe. Kì í pẹ́ bàjẹ́."

Òun ni Nọ́ọ̀sì gbéṣẹ́ fún. Wọ́n dí òkè àjà, wọ́n fi irin tó fẹ̀ rọ́pò irin tó ń tú ooru jáde lára ògiri yàrá Bàbá, wọ́n sì gbé àpótí funfun onífáànù kan kalẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Bàbá kówọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ilé kò gbóná dáadáa. Bí Bàbá bá fọwọ́ kan irin ara ògiri, tó rí i pé kò jó òun lọ́wọ́, á ní òkú ni. Á pa ẹ̀rọ. Tó bá di wákàtí méjì, á tún tan án, á sì yí i dé òpin. Lọ́jọ́ kan, Nọ́ọ̀sì tibi iṣẹ́ dé, ó bá a ní pálọ̀ tòun ti kóòtù àti fìlà, tí ẹ̀rọ ń ké lẹ́yìnkùlé.

"Ta ló tún fọwọ́ kàn án?"

Bàbá fa fìlà rẹ̀ bo etí.

"Bàbá, ó ti rẹ̀ mí. Arúgbó mẹ́rìnlá ni mo tọ́jú lónìí. Mi ò tún lè délé wá máa ṣọ́ ìkẹẹ̀ẹ́dógún."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ń wá bí òun ṣe máa kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Bàbá rọra dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò sì gbá ilẹ̀kùn. Ì bá sàn kó gbá a.

Ní ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì pe ẹnjiníà. Obìnrin náà kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá ló mú lọ sẹ́yìnkùlé, ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ, ó ní kó gbé ọwọ́ lé páìpù méjèèjì. Ọ̀kan tutù bíi yìnyín, èkejì gbóná.

"Bọ́ílà tiyín, sà, á sáré, á sì sinmi. Rírìn ni eléyìí máa ń rìn, kì í sì í dúró. Ẹ fi sí ogún dígírì, kí ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta?" Bàbá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kí ni kí n wá máa ṣe láàárọ̀? Kílẹ̀ tó mọ́ ni mo máa ń dìde lọ tan bọ́ílà, kí ilé lè ti gbóná kí ọmọ yìí tó jí síṣẹ́. Ọdún mẹ́fà nìyí. Ó rò pé ńṣe ni bọ́ílà ń dá tan ara rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gbọ́. Kò mọ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti ń tẹ ilẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń wẹ omi gbígbóná, tó sì ń sáré jáde láìbéèrè.

Bàbá kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ooru ti dé gbogbo kọ̀rọ̀ ilé. Ó ṣí fìlà lórí. "Ó gbóná," ló wí, bí ẹni tó ń jẹ́rìí níwájú adájọ́.

Síbẹ̀, kò yéé jí ní ìdájí. Nọ́ọ̀sì bá a nídìí tábìlì ilé ìdáná, kò ṣe nǹkan kan, ó kàn jókòó. Nọ́ọ̀sì po tíì méjì, ó fa àga.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí."

"Ó rẹ̀ ọ́ ni."

"Ó rẹ̀ mí."

"Èmi náà, ó rẹ̀ mí."

Wọ́n mu tíì wọn títí àkókò iṣẹ́ fi tó. Nọ́ọ̀sì gbé báàgì rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀, ó sì jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i.