Ẹ̀rí Tí Ìyá Àdínì Jẹ́

Àwọn obìnrin àsàlátù Bàríga kò kórìíra Serifat. Ojú wọn ló ṣe dàgbà, inú wọn sì dùn pé ó ti padà sí yunifásítì láti gba ìwé ẹ̀rí kejì lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ará àdúgbò nípa ìlera. Ohun tí wọn kò fẹ́ rí ni ọmú onífóòmù tó máa ń wà nínú báàgì rẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday tó kọ́kọ́ gbé e jáde lẹ́yìn àdúrà, tó ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án kí wọ́n lè mọ bí kókó jẹjẹrẹ ṣe máa ń rí, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Àwọn kan fi ìborùn bojú. Ìyá kan ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i, ó kó bàtà rẹ̀, ó kọrí sílé. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá àìsàn kiri?

Iṣẹ́ yìí sì ni wọ́n máa fi yẹ Serifat wò kó tó jáde: kó mú kí àwọn obìnrin àdúgbò kan máa yẹ ọmú ara wọn wò, kí ẹni tó bá rí kókó sì gba ọsibítù lọ. Ó ròyìn fún olùkọ́ rẹ̀, Dókítà Ògúntádé.

"Wá ẹnì kan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún," ni bàbá náà wí. "Kó kọ́kọ́ ṣe é, kó wá jẹ́rìí níwájú wọn. Ẹnu tiẹ̀ ni wọ́n máa gbọ́, kì í ṣe tìẹ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé nǹkan kékeré ni. Àwọn olùkọ́ a máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a wọ ọkọ̀ wọn, ó di ilé.

Ẹni tí Serifat rí kò jìnnà. Alhaja Sìmbíátù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ni Ìyá Àdínì àsàlátù náà. Pépà ló ń tà fún àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú. Bó bá ní kí àwọn obìnrin wọ funfun, funfun ni wọ́n máa wọ̀. Bó bá ní ìjà ti tó, ìjà parí nìyẹn.

"Mama, ẹ ṣáà wọ yàrá lọ, ẹ yẹ ara yín wò bí mo ṣe kọ́ yín," Serifat bẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án Sátidé. "Lọ́la, ẹ óò wá sọ fún wọn pé ẹ ti ṣe é, kò dùn yín, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn sọ. Ìyá kò tíì wo ara rẹ̀, ó ti fi èsì sí i lẹ́nu.

Alhaja pẹ́ nínú yàrá. Nígbà tó jáde, ó ní òun fẹ́ sùn díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dìde níwájú gbogbo wọn, ó fọwọ́ lé àyà. "Èmi Sìmbíátù ti yẹ ara mi wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, alihamudulilahi. Ẹ lọ yẹ tiyín náà wò. Ẹni tó bá rí nǹkan, kó má dákẹ́ o."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ràmọ́nù onítẹ̀wé gbé fọ́tò Alhaja sórí pósítà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ kiri láti Pedro títí dé Fádèyí. Dókítà Ògúntádé mú iṣẹ́ náà ṣe àpẹẹrẹ fún kíláàsì. Serifat yege, ó sì gbéra ga díẹ̀.

Nígbà tí ooru mú ló bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Alhaja kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì mọ́ òun mọ́. Lọ́fínńdà tó ń fín sára pọ̀ jù, síbẹ̀ òórùn kan ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń rù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Serifat ṣílẹ̀kùn yàrá láì kàn án, ó bá ìyá náà níbi tó ti ń pààrọ̀ aṣọ tó fi dí egbò. Ọmú òsì ti le gbagidi, awọ rẹ̀ sì ti bẹ́.

"Ìgbà wo lẹ rí i, Mama?"

"Ọjọ́ tó o ní kí n lọ wò ó."

"Ẹ wá sọ pé kò sí nǹkan kan!"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n sọ bẹ́ẹ̀." Ó fa búbà bo ara rẹ̀. "Bí mo bá ní mo rí i, ta ló máa fọwọ́ kan tiẹ̀ nínú wọn? Mo ní tó o bá ṣèdánwò tán, màá sọ fún ẹ. Ẹ tún wá lẹ fọ́tò mi mọ́ gbogbo ògiri. Ṣé kí wọ́n máa pe Ìyá Àdínì ní onírọ́?"

Serifat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọ kékeré. Ó kórìíra ìwé tó kà, ó kórìíra ara rẹ̀ jù ú lọ.

Ní ọsibítù, dókítà ní jẹjẹrẹ náà ti wọ egungun, ìrora nìkan ni àwọn lè bá a dín kù. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, Alhaja di ọwọ́ Serifat mú.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni kó o sọ fún wọn. Bí wọ́n bá mọ̀ pé mo purọ́, kò ní sẹ́ni tó máa yẹ ara ẹ̀ wò mọ́."

Lọ́jọ́ Sunday, àwọn obìnrin béèrè Alhaja. Serifat ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n ṣàmín. Bó ṣe ń jáde ni Bàlíkísù, ọmọbìnrin tó ń di ìwé ní Pedro, sáré tẹ̀lé e.

"Ọkàn mi wá balẹ̀ o, àǹtí mi. Bí Alhaja ṣe ń rù yẹn, mo ti rò pé nǹkan tẹ́ ẹ kọ́ wa yẹn ni. Kókó kan wà lára tèmi náà. Mo ti ní tó bá jẹ́ òun ló ń ṣe wọ́n, ọsibítù ni mò ń lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n tó bá ti jẹ́ BP ni, kò burú. Tèmi ò tiẹ̀ dùn mí, màá fi í sílẹ̀."

Bí Serifat bá dákẹ́, ọmọ yìí ń tẹ̀lé Alhaja lọ nìyẹn. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Bàlíkísù já ọwọ́ ara rẹ̀ gbà. "Ìyẹn ni pé Alhaja mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dìde níwájú wa?"

"Wọ́n mọ̀."

"Ẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa nínú lọ́hùn-ún pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni."

"Àwọn ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Bàlíkísù, tí a bá tètè rí i..."

"Ẹ ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀." Omi ti lé ròrò lójú ọmọ náà. "Ìyá tó tọ́ yín, ẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà, ìwé ẹ̀ lẹ kà, ẹ ò sì rí i. Èmi lẹ wá fẹ́ gbà là? Ta ni kí n wá gbàgbọ́ báyìí?"

Serifat tẹ̀lé e dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù, ó ń bẹ̀ ẹ́. Bàlíkísù wọlé, ó tan ẹ̀rọ tó fi ń gé ìwé, ariwo rẹ̀ sì bo ẹ̀bẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tó padà dé ọsibítù, Alhaja kò tíì sùn. Ó ti ń retí rẹ̀.

"Ṣé wọ́n gbà ẹ́ gbọ́?"

"Wọ́n gbà mí gbọ́, Mama."

Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Iṣẹ́ wa ò bàjẹ́ nìyẹn," ló wí, ó sì pa ojú dé.