Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Mi Di Ti Alága

Mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ lójú òfuurufú lóru àná kí n tó mọ̀ pé oorun ti gbé mi lọ. Ilé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mò ń lé. Ó ti kúrò nílẹ̀, ó ń fò lọ lókè igi máńgòrò. Mo fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwa tí a ó máa gun kẹ̀kẹ́ dé afárá odò láràárọ̀ Sátidé, fún ìgbádùn lásán. Orúnkún mi ṣì gbà á. N kò mọ̀ bóyá yóò gbà á lọ́dún tó ń bọ̀.

"Bàbá, ẹ rọra," ni kẹ̀kẹ́ wí. "Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ẹ̀yìn ń dun èmi náà," mo fèsì. A gba ojú fèrèsé wọlé.

Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Odétúndé, kò wojú mi. "Ta ni alága yín?"

"A kò tíì ní. A kàn fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ni."

"Ẹgbẹ́ wo ni kò ní alága? Bàbá, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o."

Ó ṣí àpótí fáìlì. Àwọn ará àdúgbò wa ń jáde níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi Olóyè Ajíṣefínní ṣe alága. Láwàní, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, di akọ̀wé. Wọ́n yan Ìyá Ẹgbẹ́, wọ́n yan Bàbá Ìsàlẹ̀, wọ́n tún yan igbákejì fún Bàbá Ìsàlẹ̀. Mo béèrè ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ nínú wọn. Wọ́n ní ìyẹn kò sí lára ohun tí ìpàdé fẹ́ sọ lónìí.

"Alága kì í dúró," ni Olóyè wí. Ó yọ ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi, ó jókòó lé e. Láwàní mú agogo, torí akọ̀wé ló ń pe ìpàdé. Ìyá Ẹgbẹ́ fi ṣéènì sọ́rùn. Bàbá Ìsàlẹ̀ àti igbákejì rẹ̀ pín táyà.

"Bàbá, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ni?" kẹ̀kẹ́ ké.

Mo nawọ́ sókè. Alága ní ẹni tí kò bá ní ipò kò lè sọ̀rọ̀.

Ìgbà náà ni irùngbọ̀n hù lágbọ̀n Odétúndé. Ìwo tẹ̀ lé e. Ó di òbúkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fọ́ọ̀mù wa. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù."

Ó ní, "Mẹ̀ẹ̀," ó sì fi pátákò lu òǹtẹ̀. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ mi ti ku egungun.

Ariwo ìyàwó mi ló jí mi. "Bàbá Móróunkẹ́! Ewúrẹ́ ń jẹ ẹgbẹ́ yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ o!"

Ìwé ìpàdé àná ni. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ la fi yan ipò sínú rẹ̀. Mo gbà á lẹ́nu ewúrẹ́. Ó ti jẹ alága, ó ti jẹ akọ̀wé, ó ti jẹ Bàbá Ìsàlẹ̀ tòun ti igbákejì.

"Ta ló wá máa bá yín lọ báyìí?" ìyàwó mi béèrè.

Sátidé ni. Kẹ̀kẹ́ mi wà lára ògiri, ó pé. Mo ki ìwé náà bọ àpò, mo gùn ún dé afárá. Ìlà kan ló kù lórí ìwé náà, èyí tí èmi fúnra mi kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá: Àwọn tó ní kẹ̀kẹ́, ẹnì kan.