Ọjọ́ Tí Àwáwù Gun Kẹ̀kẹ́ Kọjá Alajue

Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó ràn dáadáa, Mansur ọkọ Àwáwù a máa gbé kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ síta, a fi àkísà nù ún títí yóò fi máa dán, a sì gbéra lọ bá Ẹgbẹ́ Ológeere Ẹdẹ. Bó bá ti padà dé, ọ̀rọ̀ ìrìn náà ni Àwáwù yóò máa gbọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú: bí ajá ṣe lé wọn ní ìlú Awo, bí òjò ṣe ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà tí gbogbo wọn fún ara wọn mọ́ abẹ́ igi máńgòrò kan ṣoṣo, bí Bàbá Ìyàndá, tí wọ́n dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, ṣe ń kọrin gun òkè nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwáwù a máa to òwú àti bọ́tìnì tó ń tà fún àwọn aránṣọ, a sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Bàbá Fawziyah,” ó ní, “ìròyìn yìí ti tó mi í gbọ́. Èmi náà fẹ́ fojú ara mi rí i. Ẹ kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́.”

Mansur wò ó. Àwáwù ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, Fawziyah ọmọ wọn sì ti ń tọ́mọ nílé ọkọ. Síbẹ̀ Mansur kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, “Ó dáa, jẹ́ ká dé pápá ilé-ìwé lọ́la.”

Ìfẹ́ ni wọ́n bá lọ, ìjà ni wọ́n gbé bọ̀. Mansur ní kó wo iwájú, ó wo iwájú. Ó ní kó rọra, ó rọra, kẹ̀kẹ́ sì dà á sínú koríko.

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n rọra.”

“Mo ní kí o rọra, mi ò ní kí o dúró.”

Nígbà tó yá, tí wọ́n bá ń ti pápá bọ̀, ọ̀tún ọ̀nà ni ọkọ ń gbà, òsì ni ìyàwó ń tọ̀. Qúdrát ló là wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni Qúdrát, òun náà sì ni olórí ẹgbẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ. Ẹ fi Màmá sílẹ̀ fún mi.”

Qúdrát rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ wálẹ̀ kí ẹsẹ̀ Àwáwù méjèèjì lè kanlẹ̀, ó ní kó máa fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ lọ bíi pẹ́pẹ́yẹ. Àwáwù ṣe bẹ́ẹ̀ títí ojú àwọn tó ń wòran fi kúrò lára rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì ń lọ. Afẹ́fẹ́ wọ inú gèlè rẹ̀, ilẹ̀ ń sá lábẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó yí pápá po títí Qúdrát fi lọ jókòó.

Ohun kan ló kù tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti fún bíréèkì iwájú pinpin lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi orí sọlẹ̀. Láti ìgbà náà, kò fọwọ́ kan bíréèkì mọ́. Bó bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ ló ń wọ́ nílẹ̀. Lórí pápá tó tẹ́jú, kò sẹ́ni tó fura.

Nígbà tó di Sátidé tí ẹgbẹ́ fẹ́ lọ sí Alajue, Àwáwù wọ ṣòkòtò sábẹ́ bùbá, ó sì gun kẹ̀kẹ́ tí Qúdrát yá a tẹ̀ lé wọn. Sàrátù, àbúrò Bàbá Ìyàndá, ló ń gbé níbẹ̀, ó sì ti ń se àgbàdo tuntun dè wọ́n. Ẹ̀yìn pátápátá ni Àwáwù wà pẹ̀lú Bàbá Ìyàndá. Oko ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún, oko àgbàdo wà lósì, àwọn èèyàn dúró lórí ebè wọn, wọ́n ń kí wọn.

Kí wọ́n tó wọ Alajue ni ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwáwù sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, bàtà rẹ̀ kan sì fò sínú oko ẹ̀gẹ́. Ó kọjá Qúdrát. Ó kọjá ọkọ rẹ̀.

“Ìyá Fawziyah, rọra!”

“Ẹ yà fún mi o!”

Sàrátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àwo àgbàdo dání. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà.”

“Ẹ ṣé o,” Àwáwù dáhùn, “mò ń bọ̀.” Ó sì ti lọ.

Gbogbo ẹgbẹ́ gbá tẹ̀ lé e. Òkè kan tó wà lẹ́yìn ìlú ló gbà á sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ń gun òkè náà, agbára rẹ̀ ń tán díẹ̀díẹ̀, títí Àwáwù fi lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Nígbà tó wẹ̀yìn tó rí ibi tó ti gbà kọjá, ẹ̀rín ni ó bọ́ sí i lẹ́nu.

Mansur ló kọ́kọ́ dé, òógùn bò ó. “Kí ló dé? Níbo lò ń lọ?”

“Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.”

“O ò sì sọ fún mi?”

“Ẹ ó bá mi jà ni.”

Mansur gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sí etí títì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. “Bíréèkì òsì yìí ni kí o kọ́kọ́ tẹ̀, òun ló ń mú táyà ẹ̀yìn. Jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fún aṣọ tí kò fẹ́ kó ya.” Wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà, tí Àwáwù ń tẹ̀ ẹ́, tó ń tú u sílẹ̀. Wọn ò jà rárá.

Iwájú ilé Sàrátù gan-an ló dúró sí. Qúdrát ti rí bàtà rẹ̀ mú bọ̀. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń jẹ àgbàdo, Bàbá Ìyàndá sì ń sọ pé láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹnì kankan kò tíì fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìdánwò báyìí. Qúdrát kéde pé Awo ni wọ́n tún ń lọ ní Sátidé tó parí oṣù, àti pé lẹ́yìn Iléyá, àwọn obìnrin nìkan ni yóò gun kẹ̀kẹ́ yí Ẹdẹ ká. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n gùn, wọn yóò kọ́ ọ.

Sàrátù gbé àwo kalẹ̀. Ó wo Àwáwù láti òkè délẹ̀. “Ṣé ó le láti kọ́?”

“Kò le,” ni Àwáwù wí. “Wá.”

Sàrátù tún ìró rẹ̀ dì, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá kẹ̀kẹ́. Àwáwù dì í mú lẹ́yìn, àwọn aládùúgbò sì ń jáde wá wò ó.