Onígbàjámọ̀ Tó Ń Tu Oògùn Dànù

Fẹ́lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe onígbàjámọ̀ náà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé àwọn oníbàárà máa ń sùn lọ lórí àga kó tó gé irun wọn tán. Kò fa sìgá rí láyé rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi rò pé àrùn náà ṣì í mú ni, nígbà tí ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì sọ fún un pé jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pé ó ti dé egungun.

Dókítà rẹ̀, obìnrin tí kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, fún un ní oògùn oníhóró kan tí yóò máa lò láràárọ̀.

"Bàbá, kò ní wò yín sàn pátápátá o," ló wí. "Àmọ́ irú àrùn yín gan-an ni oògùn yìí ń dọdẹ. Ó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Kò pẹ́ tí ikọ́ fi rọlẹ̀, tí Fẹ́lẹ́ ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìdúró sinmi. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé àyà ró ló ń ba ìyókù ara jẹ́. Nǹkan sú bo ojú rẹ̀, àwọn mìíràn ń ṣọyún. Etí èékánná rẹ̀ wú, orí ìka rẹ̀ sán, ìyàwó rẹ̀ ló wá ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ìgbẹ́ gbuuru kì í jẹ́ kó gé irun orí ẹnì kan tán. Síbẹ̀, bí dókítà bá bi í pé ara ńkọ́, "A dúpẹ́" ni. Ojú ń tì í láti máa ròyìn ìgbẹ́ fún ẹni tó tó bí lọ́mọ.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ awakọ̀, tó ti ń gerun lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà àpọ́n wọn, wá jókòó sórí àga. Fẹ́lẹ́ ta aṣọ sí i lọ́rùn. Nínú dígí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ojú náà, ó rí ọwọ́ tó ń bọ̀ wá sí òun lórí.

"Jẹ́ kí n gba ìpè kan níta," ló wí.

Tòun taṣọ lọ́rùn ló lọ. Kò padà wá. Fẹ́lẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti yíjú, á tu ú dànù. Ojú rẹ̀ dán padà, ìka rẹ̀ jinná. Àwọn oníbàárà ń yọjú níkọ̀ọ̀kan, ìyàwó rẹ̀ sì ń dúpẹ́ pé oògùn ti mọ́ ọn lára. Fẹ́lẹ́ gerun, ó fá irùngbọ̀n, ó dá àpárá. Ó tún di èèyàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ń gé irun tíṣà kan lọ́wọ́ tí èémí rẹ̀ fi já. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ló jókòó sí, láàárín irun, tó ń yanu bí ẹja orí ilẹ̀. Tíṣà náà, tòun ti irun àgékù lórí, ló gbé e dé ilé ìwòsàn.

Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé àrùn ti gbilẹ̀. Nígbà tí dókítà béèrè bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀, kò lè purọ́ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀, tó ti sáré dé, kò pariwo. "Ẹ̀ ń tu ú dànù? Níṣojú mi, ẹ máa ń ṣe bíi pé ẹ gbé e mì."

"Ẹ̀mí nìkan ló ń fún mi," ni Fẹ́lẹ́ wí díẹ̀díẹ̀. "Kò fún mi ní ohun tí n ó fi ẹ̀mí ọ̀hún ṣe."

"Èmi wá ńkọ́? Ṣé èmi kì í ṣe nǹkan kan ni?"

Fẹ́lẹ́ ń wo àwọn ìka rẹ̀ tó ti jinná.

Dókítà fọwọ́ bojú. "Bàbá, ẹ bá ti sọ fún mi. Oògùn yẹn ṣeé dín kù. Ìpara wà fún ọwọ́, oògùn wà fún ìgbẹ́ gbuuru. Mo rò pé ara yín ń gbà á ni."

"Tí mo bá padà sí i, ṣé á ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Mi ò lè ṣèlérí, bàbá."

Wọ́n dín in kù. Ikọ́ dẹwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn di òkè ńlá fún un, àga ṣọ́ọ̀bù sì ti di ti ẹlòmíràn. Láràárọ̀, ìyàwó rẹ̀ á ní kó lanu kí òun wò ó bí ẹni ń yẹ ẹnu ọmọdé wò. Lẹ́yìn náà á gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, á máa fi ìpara ra ìka rẹ̀ tó ti tún sán, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ń ta mí," ni Fẹ́lẹ́ á wí, tó kọjú sí ògiri.

"Mo mọ̀," lòun náà á fèsì, á sì mú ìka tó kàn.